Ohun Tí Ajá Ti Jẹ Kò Ṣeé Kà

Gbólóhùn kan wà tí mo ti rí kà nínú àbọ̀ ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn títí ó fi sú mi. Wọ́n á ti hú egungun ẹran jáde nínú ààtàn àtijọ́, wọ́n á ti yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti màlúù, ti àgùntàn, ti ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé èyí tí ojú eyín ajá hàn lára rẹ̀ kò tó nǹkan, bóyá 5 nínú 100, nítorí náà ajá kò da ohunkóhun rú. Ohun tó wà nínú kòtò ni ohun tí àwọn ará ibẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn gbólóhùn yìí, a kì í gbọ́ ìró ajá mọ́ nínú ìwé náà. Ojú ewé tó kù á máa sọ ẹran tí olówó jẹ àti èyí tí tálákà jẹ, ọjọ́ orí tí wọ́n ń pa àgùntàn, bóyá torí wàrà ni wọ́n ṣe ń sìn ín tàbí torí irun rẹ̀, bí ẹni pé àwọn ará ìgbàanì fúnra wọn ló kó egungun wọn jọ dè wá láìyọ ọ̀kan kúrò.

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Kì í ṣe pé àsọdùn díẹ̀ wọ inú rẹ̀. Orí ló fi ń rìn. Egungun tí a rí ojú eyín lára rẹ̀ ni èyí tí ajá jẹ tí kò lè jẹ tán. Èyí tó rí jẹ tán ti wọ ikùn rẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ tí a ó fi kà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye egungun tó ní ojú eyín mọ bí ajá ṣe ṣọṣẹ́ tó, àgbẹ̀ tí ọ̀bọ ya wọ oko rẹ̀ ló jọ, tó wá ń ka kìkì àgbàdo tí ọ̀bọ gé jẹ díẹ̀ tó fi sílẹ̀ lórí igi, tó ní ìyẹn nìkan ni òun pàdánù. Ìlú tí ebi ti ń pa ajá jù lọ lè jẹ́ ìlú tí ojú eyín ti kéré jù lọ lórí egungun, torí pé ajá ibẹ̀ kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Nítorí náà, 5 nínú 100 kò sọ fún wa pé ajá kò ṣe nǹkan kan. Kò sọ nǹkan kan rárá, àfi tí a bá mọ ohun tó ti lọ.

A sì lè mọ púpọ̀ nínú ohun tó ti lọ, torí pé ajá kì í jẹ egungun bó ṣe wù ú. Ènìyàn tó fẹ́ fa mùdùnmúdùn á gbé egungun lé òkúta, á fi òkúta mìíràn fọ́ ọ láàárín. Ajá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpẹ̀kun egungun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi oríkèé, torí pé ibẹ̀ ló rọ̀, tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, tí ọ̀rá sì kún inú ihò náà. Á fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi erìgì rún un, á máa họ ọ́, á máa lá a, títí oríkèé á fi tán, tí ohun tó kù á di ọ̀pá egungun tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, tí etí rẹ̀ rí gbágun-gbàgun. Lára ọ̀pá yìí la ti máa ń rí ihò kékeré tí ṣóńṣó eyín lu àti ìlà tí eyín fà nígbà tó yọ̀ kọjá.

Gbogbo oríkèé kọ́ ló rọ̀ bákan náà. Ẹ mú egungun apá òkè ewúrẹ́, èyí tó wà láàárín èjìká àti ìgúnpá. Ìpẹ̀kun rẹ̀ tó wọ èjìká tóbi, ó fúyẹ́, ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ìpẹ̀kun ti ìgúnpá ki, ó le. Ajá á jẹ ti òkè, á fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ní orúnkún ẹ̀yìn, níbi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun, ìhà méjèèjì ló máa ń jẹ. Egungun ẹ̀yìn àti ìhà kì í pẹ́ rárá. Àwọn egungun kéékèèké ọrùn-ẹsẹ̀ ń wọlé lódindi, wọ́n sì máa ń gba ẹ̀yìn ajá jáde tí oje inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ti ẹyẹ àti ẹja tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé tí ajá wà mọ̀ pé egungun adìẹ alẹ́ kì í rí àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ ẹran ló wá fara gbá a jù. Lára ọ̀dọ́ àgùntàn, oríkèé kò tíì so pọ̀ mọ́ ọ̀pá egungun. Ti ìgúnpá ń so kí ẹran náà tó pé ọdún kan. Ti èjìká ń dúró di ìgbà tó bá lé ní ọdún mẹ́ta. Orí èyí tó so àti èyí tí kò so ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń gbára lé láti mọ ọjọ́ orí tí wọ́n pa ẹran. Ẹ wá wò ó: èyí tí kò tíì so ni ajá ń yára jẹ. Ìlú tó ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn rẹpẹtẹ jẹ á wá hàn nínú ìwé bí ìlú tó ń jẹ́ kí àgùntàn dàgbà kí wọ́n lè máa rẹ́ irun rẹ̀. Ẹnì kan á kọ orí ìwé kan gbáko lórí òwò irun àgùntàn ibẹ̀, láti inú ohun tí ajá jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ní 1821, wọ́n rí ihò àpáta kan ní Kirkdale, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí egungun ẹranko kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà gbà pé Ìkún-omi ayé Nóà ló gbá irú egungun bẹ́ẹ̀ lọ sínú ihò. William Buckland, tó jẹ́ àlùfáà tó sì tún jẹ́ olùkọ́ ní Oxford, ní rárá, ihò ìkookò ni. Ó mú egungun ojúgun màlúù fún ìkookò kan tí wọ́n gbé wá fún ìran wíwò ní Oxford, ó dúró wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó wá fi àjẹkù náà wé ti Kirkdale. Bákan náà ni wọ́n rí: ibì kan náà ni eyín jẹ, ibì kan náà ló ṣẹ́ kù.

Ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ní 1848 láti wo àwọn òkìtì ìkarawun etí òkun, tí wọ́n wá rí i pé ààtàn àwọn ará àtijọ́ ni. Japetus Steenstrup, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ṣàkíyèsí pé egungun ẹyẹ inú òkìtì náà kò pé: ọ̀pá egungun gígùn pọ̀, àwọn tó kù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Kò kọ ìtàn kankan nípa ẹsìn tàbí àṣà ẹyẹ jíjẹ. Ó ti ajá mọ́lé, ó fún wọn ní egungun, ó wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ohun tí ajá jẹ ni ohun tí kò sí nínú òkìtì. Ó sì tibẹ̀ sọ pé àwọn ará ìgbà náà ń sin ajá. John Lubbock gbé ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1865, ìwé tí àwọn ènìyàn kà káàkiri. Ó ti lé ní 150 ọdún báyìí. Ẹ̀kọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà, kí ló dé tí a ṣì ń ka ojú eyín bí ẹni pé òun ni ìwọ̀n ọṣẹ́ ajá?

Àwọn mìíràn tún irú ìdánwò Steenstrup ṣe lẹ́yìn náà, kí iyèméjì má bàa sí. Ní 1985, Sebastian Payne àti Patrick Munson tẹ àbọ̀ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fún ajá ní ẹran jẹ, ajá kan tó ń jẹ́ Ruby sì wà lára wọn. Wọ́n fún wọn ní ọ̀kẹ́rẹ́; ọ̀pọ̀ jù lọ nínú egungun ọ̀kẹ́rẹ́ náà parẹ́ pátápátá. Àwọn tó kọ àbọ̀ náà mọ iye ọ̀kẹ́rẹ́ tó wọlé, àmọ́ ẹni tí a bá gbé àjẹkù nìkan fún kò lè mọ̀ ọ́n láé. Jean Hudson lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ Aka inú igbó Àárín Áfíríkà, àwọn tí ajá ń bá gbé nínú àgọ́. Ó ka ẹran tí wọ́n mú wálé, ẹtu ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ka ohun tó ṣẹ́ kù lórí ilẹ̀ àgọ́ nígbà tí ajá ṣe tán. Púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan lèyí, kí ó wo ohun tí àìka eyín ẹranko kún fi kan àwọn baba ńlá wa ní Áfíríkà. Raymond Dart, tó kéde agbárí ọmọdé ti Taung fún ayé ní 1925, ló tún ṣe àyẹ̀wò egungun tó lé ní ẹgbẹ̀rún 7 láti Makapansgat ní Gúúsù Áfíríkà. Ó rí i pé egungun apá òkè àwọn ẹranko oníwo pọ̀, àmọ́ ìpẹ̀kun ìgúnpá ló pọ̀ fíìfíì ju ìpẹ̀kun èjìká lọ. Ó ní kò lè ṣẹlẹ̀ lásán. Ẹ̀dá àtijọ́ tí à ń pè ní Australopithecus ló ṣà wọ́n: ó fi egungun apá ṣe kùmọ̀, ó fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ayùn, ó fi ìwo gún ẹni. Ní 1957 ó tẹ ìwé kan jáde lórí èyí. Ní 1961, Robert Ardrey, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ eré orí ìtàgé, gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé nínú *African Genesis*: pé apànìyàn ni ìran ènìyàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé ohun ìjà ló sọ wá di ènìyàn, àti pé Áfíríkà ni ibi tí ìtàjẹ̀sílẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Olùwádìí mìíràn, Bob Brain, kò bá wọn pariwo. Ó lọ sí etí odò Kuiseb ní Nàmíbíà, sí àwọn abúlé tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́ nínú aṣálẹ̀. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n á fi òkúta fọ́ egungun fún mùdùnmúdùn, wọ́n á ju ìyókù sílẹ̀ fún ajá. Brain ṣa àwọn egungun tí oòrùn ti gbẹ níbẹ̀, ó sì kà wọ́n. Ìpẹ̀kun ìgúnpá pọ̀ jọjọ. Ìpẹ̀kun èjìká kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Bí ti Makapansgat ṣe rí gan-an ni, ní ibi tí kò sí ẹni tó ń fi egungun ṣe kùmọ̀. Ohun tó le ló ṣẹ́ kù, ohun tó rọ̀ ti lọ sínú ajá. Ìpàǹtírí lásán, tí àwọn darandaran fi sílẹ̀ fún ajá wọn, ni Brain fi wó ilé tí Dart kọ́. Nígbà tí ìwé ńlá rẹ̀, *The Hunters or the Hunted?*, jáde ní 1981, ó fi hàn nínú rẹ̀ pé ihò méjì tó wà lára agbárí kan láti Swartkrans bá eyín àmọ̀tẹ́kùn mu rẹ́gí. Ẹ̀dá tí wọ́n pè ní apànìyàn, òun ni wọ́n ń pa jẹ.

Ẹ̀sùn kejì yí padà bírí, orísun rẹ̀ sì jọ ti àkọ́kọ́. Ní Klasies River, ní etí òkun Gúúsù Áfíríkà, Ronald Singer àti John Wymer walẹ̀ láàárín 1966 sí 1968 níbi tí àwọn ènìyàn gbé ní ohun tó lé ní 100,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 1984, Lewis Binford ka egungun ibẹ̀, ó sì sọ pé ọ̀nà tí orí àti ẹsẹ̀ fi pọ̀ lára àwọn ẹran ńlá, tí egungun itan àti apá tó lẹ́ran kò fi pọ̀, fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ kò lè ṣọdẹ ẹran ńlá. Àjẹkù kìnnìún àti ìkookò ni wọ́n ń ṣà jẹ. Binford kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló bá àwọn Nunamiut gbé ní Alaska, tó kọ̀wé lórí egungun tí ajá àti ìkookò ilẹ̀ òtútù jẹ. Bó ṣe mọ̀ ọ́n tó, ó ṣubú, torí pé ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò pé: àwọn awalẹ̀ ti da ọ̀pọ̀ àfọ́kù ọ̀pá egungun nù níbi iṣẹ́, wọ́n ní a kò lè dá wọn mọ̀. Ìpẹ̀kun tí a lè tètè dá mọ̀ ni wọ́n tọ́jú. Ìpẹ̀kun kan náà ni ẹranko apẹranjẹ ń jẹ. Eyín mú ìhà kan lọ, ṣọ́bìrì awalẹ̀ mú ìhà kejì lọ, wọ́n wá wo àlàfo náà, wọ́n ní ènìyàn ìgbà yẹn kò lágbára ọdẹ.

Curtis Marean fi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí hàn ní ibòmíràn. Ní ihò Kobeh, lórí òkè Zagros ní Ìránì, níbi tí Bruce Howe ti walẹ̀ ní 1959, wọ́n tọ́jú àwọn àfọ́kù ọ̀pá egungun. Marean àti Soo Yeun Kim kà wọ́n, wọ́n tẹ àbọ̀ wọn ní 1998. Tí a bá ka ìpẹ̀kun egungun nìkan, orí ẹran ló pọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní àmì aṣàjẹkù. Tí a bá ka ọ̀pá egungun mọ́ ọn, itan àti apá tó lẹ́ran jáde wá, pẹ̀lú ojú ọ̀bẹ òkúta lára wọn. Ọdẹ ni àwọn tó gbé inú ihò náà. Ọdún yẹn kan náà ni Richard Milo jábọ̀ ohun tó rí nínú egungun Klasies fúnra rẹ̀: ṣóńṣó òkúta kan há sínú egungun ọrùn ẹfọ̀n ńlá, irú èyí tí kò sí láyé mọ́. Ẹni tó ń ṣa àjẹkù kì í gún ẹfọ̀n lọ́rùn.

Inú mi kì í dùn tí àwọn ènìyàn bá ń sọ àwọn ìtàn wọ̀nyí bí àṣìṣe àtijọ́ tí a ti bọ́ nínú rẹ̀. A kò tíì bọ́. Ohun tó yí padà ni pé àwọn tó ń wádìí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn ti kọ́gbọ́n, torí pé àríyànjiyàn wọn gbóná, ayé sì ń wò wọ́n. Àwọn tó ń wa ìlú àti abúlé ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí ajá pọ̀ ju ìkookò lọ ní ìlọ́po ọ̀pọ̀, ló ṣì ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo rékọjá. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ajá ti ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ẹ wo Winnall Down, nítòsí Winchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abúlé ìgbà irin. Mark Maltby ṣàkíyèsí ní 1985 pé egungun màlúù àti ẹṣin pọ̀ nínú yàrà tó yí ibẹ̀ ká, ti àgùntàn sì pọ̀ nínú kòtò. Ó rọrùn láti tibẹ̀ hun ìtàn: pé ẹran ńlá jẹ́ ti àsè tàbí ti ẹbọ, wọn kì í sì da egungun rẹ̀ sí àárín ìlú. Àmọ́ yàrà ń pẹ́ ní ṣíṣí sílẹ̀. Ojú oòrùn àti òjò ni egungun inú rẹ̀ wà, ajá ń wọlé, ajá ń jáde. Kòtò jinlẹ̀, wọ́n sì ń yára dí i. Egungun àgùntàn tó bá bọ́ sí yàrà ti tán lẹ́nu ajá kí erùpẹ̀ tó bò ó. Ti màlúù le, ó dúró. Ìyàtọ̀ tí à ń wò yìí lè má ní ìtumọ̀ kankan nípa ohun tí ènìyàn jẹ. Ó lè jẹ́ pé iye oṣù tí yàrà fi wà lójú ajá nìkan ló ń sọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré, kò lè fọ́ itan màlúù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àmọ́ ẹran kékeré ni oúnjẹ rẹ̀: ẹyẹ, ehoro, ọmọ àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó máa ń gbé oúnjẹ lọ jìnnà, á rì í mọ́lẹ̀ de ọjọ́ mìíràn, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ rírọ̀ láti gbẹ́ ihò sí, nítorí náà òkìtì sàréè àtijọ́ bá a lára mu púpọ̀. Ní Sípéènì àti Pọ́túgà, níbi tí egungun ehoro ti kún àwọn ihò àpáta ìgbàanì, ìbéèrè ńlá ni bóyá ènìyàn ló jẹ ẹ́, àbí òwìwí, àbí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Lluís Lloveras àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní ehoro jẹ, wọ́n kó àjẹkù àti ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2012. Báyìí, ẹni tó bá rí ehoro nínú ihò ní nǹkan tó lè fi wé e. Ẹni tó bá kọ̀ láti fi wé e tó sì kọ ọ́ pé oúnjẹ ènìyàn ni, àbá lásán ló gbé kalẹ̀ bí òtítọ́.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀. Èkíní ni pé ajá wà níbi gbogbo, ohun tó bà jẹ́ níhìn-ín ló bà jẹ́ lọ́hùn-ún, tí a bá fi ìlú kan wé òmíràn, àṣìṣe á pa àṣìṣe rẹ́. Èyí ì bá dára tí ajá bá pé iye kan náà nílùú gbogbo, tí ebi kan náà ń pa wọ́n, tí gbogbo ìlú ń bo ààtàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Winnall Down fi hàn pé abúlé kan ṣoṣo kò rí bákan náà láti yàrà dé kòtò. Ìlú méjì ńkọ́?

Èsì kejì wúwo ju èyí lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló sì máa ń bí mi léèrè pẹ̀lú ìbànújẹ́: ṣé a kò ní lè sọ ohunkóhun mọ́? Èsì mi ni pé ohun tí a ó lè sọ á pọ̀ sí i. Steenstrup wo egungun tí kò sí, ó fi mọ̀ pé ajá wà. Brain wo àjẹkù ewúrẹ́, ó fi tú ìran ènìyàn sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ojú eyín lórí egungun ń sọ pé egungun náà wà ní gbangba kí ilẹ̀ tó bò ó, pé ọ̀rá ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ènìyàn jù ú nù, pé àwọn ará ilé náà ń bá ajá gbé. Tí ojú ọ̀bẹ bá wà nísàlẹ̀ tí ojú eyín sì gun orí rẹ̀, a ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí ẹran. Ìmọ̀ gidi ni gbogbo èyí. Ohun tí mo fẹ́ kó lọ ni ìdánilójú tí kò ní ìpìlẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé owó àti àkókò kò sí. Kò sí ohun tó ń gbówó púpọ̀ níbẹ̀. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá àti iná tó mọ́lẹ̀ tí a tàn láti ẹ̀gbẹ́ ti tó. Ní 1996, Robert Blumenschine, Marean àti Salvatore Capaldo dán ojú àwọn ènìyàn wò bóyá wọ́n lè dá ojú ọ̀bẹ, ojú òkúta àti ojú eyín mọ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ti mọṣẹ́ kì í sábà ṣìnà, àwọn tuntun tí wọ́n kọ́ fún wákàtí mélòó kan náà sì ṣe dáadáa. Ajọ̀ tí ihò rẹ̀ kéré, tí a ó fi sẹ́ erùpẹ̀ kí egungun kéékèèké má bàa sọnù, kò wọ́n. Ohun tó ń wọ́n ni ìtàn tí a ti kọ́ sórí àlàfo, tí ẹlòmíràn á wá fi ogún ọdún wó.

Ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro. Kí àbọ̀ ìwádìí kọ́kọ́ sọ fún wa èwo nínú kòtò àti yàrà ló yára dí, èwo ló pẹ́ ní ṣíṣí, kí ó tó ka ẹran kankan. Kí wọ́n tọ́jú gbogbo àfọ́kù ọ̀pá egungun, kí wọ́n sì kà á; lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Klasies, kò yẹ kí a tún máa bẹ ẹnikẹ́ni lórí èyí. Kí wọ́n to iye ìpẹ̀kun ìgúnpá sí ẹ̀gbẹ́ iye ìpẹ̀kun èjìká, kí ẹni tó ń kàwé lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó sọnù. Kí ọjọ́ orí àgùntàn ti ara eyín inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ná, èyí tí Payne là kalẹ̀ láti ọdún 1973 pẹ̀lú egungun Aşvan Kale ní Tọ́kì, torí pé eyín ẹran le ju oríkèé rẹ̀ lọ. Tí ohun tí oríkèé sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí eyín sọ, kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe gbogbo èyí, tí iye méjèèjì sì sún mọ́ra, nígbà náà ni wọ́n lè kọ ọ́ pé ajá kò da nǹkan rú níbẹ̀, èmi náà á sì gbà á gbọ́.